Nọ́ńbà àkọ́kọ́ 2^136279841 − 1: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kò ní apín, kí la sì lè fọwọ́ ara wa ṣírò nínú rẹ̀?

onisiro_ibadan:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò níbí. Ẹ gbé 2 sí agbára 136279841, kí ẹ wá yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe èyí tó kù ní M, ká sì máa pe 136279841 ní p. Luke Durant, ará San Jose ní Kalifọ́níà, ló rí i nípasẹ̀ GIMPS, ẹgbẹ́ tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996 fún wíwá irú nọ́ńbà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni wọ́n kéde rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ṣáájú rẹ̀ ni 2^82589933 − 1, tí wọ́n rí ní oṣù Ọ̀pẹ 2018. Díjíìtì 24,862,048 ni tiẹ̀. M ní 41,024,320.

Wọ́n ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni, pé yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi wà. Tí a bá fẹ́ máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín in wò, a gbọ́dọ̀ dé ibi tí nọ́ńbà tí a fi ń pín bá di ìlàjì M ní iye díjíìtì, ìyẹn nọ́ńbà tó ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 20. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìyẹn títí ayé. Kí wá ni wọ́n ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye díjíìtì rẹ̀? Kí sì ni ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán lè fojú ara rẹ̀ rí nínú rẹ̀?

laditeki:

Ẹ jẹ́ n mú iye díjíìtì, òun ló rọrùn jù. Ẹ fi log 2 sọ p di púpọ̀:

136279841 × 0.30102999566398 = 41024319.9453

Ẹ mú apá tó ṣáájú àmì díẹ́símà, ẹ fi 1 kún un: 41,024,320. Yíyọ tí a yọ 1 kò dín díjíìtì kankan kù, torí pé agbára 2 kì í parí sí òdo, kò sì lè jẹ́ 1 tí òdo tẹ̀ lé lásán.

Apá tó wà lẹ́yìn àmì díẹ́símà ló ń sọ bí nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. 10 sí agbára 0.945318 jẹ́ 8.81694, nítorí náà 881694 ni M fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni log 2 tí wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ 0.30103. Tí ẹ bá lò ó, 41024320.536 lẹ máa rí, ẹ ó sì sọ pé díjíìtì 41,024,321 ni. Kódà tí ẹ bá mú 0.3010299957, tó péye dé ipò kẹwàá, iye díjíìtì á tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á di 8.917 dípò 8.816. Ohun tó fà á ni pé àṣìṣe kékeré inú log ń di ìlọ́po mílíọ̀nù 136. Ẹ lo ipò 14 ó kéré tán.

Ìparí rẹ̀ kò fẹ́ kálkúlétọ̀ rárá. Láti 2^3 lọ, díjíìtì mẹ́ta tó kẹ́yìn agbára 2 máa ń yí po lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100. Díjíìtì méjì tó kẹ́yìn p jẹ́ 41, nítorí náà 2^p àti 2^41 parí sí ibì kan náà. 2^41 jẹ́ 2,199,023,255,552. Ẹ yọ 1 nínú 552, ó ku 551. Tí ẹ bá fẹ́ díjíìtì mẹ́rin, ìyípo náà di 500, p sì ṣẹ́ 341 kù; 2^341 parí sí 1552, M parí sí 1551.

mofe_kod:

Ọ̀gá laditeki ti là á yé wa. Ẹni tó bá ní Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) lè yẹ ẹ́ wò báyìí:

p = 136279841
pow(2, p, 10000)

1552 ni yóò jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe kọ `2**p % 10000` o. Ìyẹn máa kọ́kọ́ kọ́ odindi nọ́ńbà náà tán kó tó pín in, ṣùgbọ́n `pow` onínọ́ńbà mẹ́ta ń pín in ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí ìgbà tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ju díjíìtì mẹ́jọ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ M gan-an nínú mẹ́mórì:

M = (1 << p) - 1

Èyí yá. Bíìtì 136279841 ni, gbogbo wọn pátá jẹ́ 1, kò sí òdo kankan láàrin. Báìtì 17,034,981 ló gbà lórí dísíìkì. Nínú Python ó máa gba bíi mẹ́gábáìtì 18, torí pé bíìtì 30 ni Python ń kó sínú àyè bíìtì 32.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá sọ pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ònkà onímẹ́wàá. Láti Python 3.11, `str(M)` á kọ̀, á ní ó ti kọjá díjíìtì 4300. Ààbò ni wọ́n fi síbẹ̀. `sys.set_int_max_str_digits(0)` ló ń ṣí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí i lórí Python àtijọ́, ẹ ó jókòó títí, torí pé ọgbọ́n tó ń lò ń gba àkókò ìlọ́po mẹ́rin bí díjíìtì bá di ìlọ́po méjì. Ẹ lo gmpy2, àkójọ kóòdù fún ìṣirò nọ́ńbà ńlá nínú Python: `(gmpy2.mpz(1) << p) - 1`, kí ẹ wá kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sójú ìbojú, pàápàá lórí fóònù. Ohun tó ń ya ìwé sójú ìbojú ló máa kọ́kọ́ kú, kì í ṣe ìṣirò náà.

onisiro_ibadan:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí 1552 yẹn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ apín. Ṣé lóòótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló lè jẹ́ apín irú nọ́ńbà báyìí?

iya_eko_isiro:

Òótọ́ ni, ọmọ mi, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì gùn. Ìrísí M, tó jẹ́ pé ó fi 1 dín sí agbára 2, ló fún wa ní gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn tó tóbi tó báyìí tí kò ní ìrísí kankan, ó ṣòro gan-an láti fi ẹ̀rí hàn pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni.

Ká ní q jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó pín 2^p − 1. Ìyẹn ni pé tí a bá fi q pín 2^p, 1 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ wá wo agbára tó kéré jù tí 2 ti máa ṣẹ́ 1 kù lábẹ́ q. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ pín p. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni p, agbára náà kì í sì í ṣe 1, nítorí náà p gan-an ni. Fermat, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́ kan, ti fi hàn wá pé 2^(q−1) náà ń ṣẹ́ 1 kù, nítorí náà p gbọ́dọ̀ pín q − 1. Nọ́ńbà tí kò ṣe é fi 2 pín ni q, nítorí náà q − 1 ṣe é fi 2 pín pẹ̀lú. Ó já sí pé q = 2kp + 1, tí k jẹ́ odindi nọ́ńbà kan.

Ìdènà kejì tún wà. 2^(p+1) ṣẹ́ 2 kù lábẹ́ q, p + 1 sì ṣe é fi 2 pín, nítorí náà 2 ní gbòǹgbò lábẹ́ q, ìyẹn ni pé nọ́ńbà kan wà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 2 ló máa ṣẹ́ kù lábẹ́ q. Àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí 2 ti ní gbòǹgbò lábẹ́ wọn ni àwọn tó ń ṣẹ́ 1 tàbí 7 kù tí a bá fi 8 pín wọn.

Fún M, 2p jẹ́ 272559682. k = 1 fún wa ní 272559683, ó ṣẹ́ 3 kù lábẹ́ 8, ó bọ́ sílẹ̀. k = 2 náà bọ́ sílẹ̀. k = 3 ni 817679047, k = 4 ni 1090238729; àwọn wọ̀nyí yẹ láti dán wò. k = 7 parí sí 5, k = 8 ṣe é fi 3 pín, a ó fò wọ́n. Ẹ rí i pé apín tó kéré jù lọ tí M ìbá ní ti lé ní mílíọ̀nù 800 kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé jíjẹ́ tí p jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti tó. Tí p bá ṣe é pín, M á ṣe é pín dájúdájú. Ṣùgbọ́n 11 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ 2^11 − 1 = 2047 = 23 × 89. Ẹ wo àwọn apín náà: 23 = 2×1×11 + 1, 89 = 2×4×11 + 1.

mofe_kod:

Òfin Ìyá wa rèé nínú kóòdù:

for k in range(1, 1000000):
    q = 2*k*p + 1
    if q % 8 in (1, 7) and pow(2, p, q) == 1:
        print(q)

Fún M, kò ní tẹ ohunkóhun. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi p = 29 dán kóòdù náà wò, kí ẹ sì dín 1000000 kù sí 100. Ó gbọ́dọ̀ tẹ 233, 1103 àti 2089. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ jẹ́ 2^29 − 1, ìyẹn 536870911.

Àwọn kan máa ń fi `k % 4 in (0, 3)` rọ́pò `q % 8` kó lè yá. Ó tọ́ fún M torí pé p ṣẹ́ 1 kù lábẹ́ 4. Tí ẹ bá gbé e lọ sórí p = 11, tó ṣẹ́ 3 kù, ẹ ó pàdánù 23, torí pé k tirẹ̀ jẹ́ 1.

sade_nomba:

Tí a bá wá jẹ́ kí k lọ dé tírílíọ̀nù láìrí apín, ṣé a lè sọ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni?

laditeki:

Rárá o. Ìpín wíwò lè lé nọ́ńbà dànù, kò lè fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tó wà fún ni láti fi owó iná díẹ̀ mú èyí tí kò dára kúrò kí a tó gbé èyí tó kù lọ síbi ìdánwò ńlá.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń lé wọn dànù ni P−1 ti Pollard. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé apín q máa ń jẹ́ 2kp + 1. Tí k bá jẹ́ àkójọ àwọn nọ́ńbà kéékèèké, a lè mú q láìmọ k. A ó gbé 3 sí agbára 2p lọ́nà gbogbo agbára àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ òpin kan tí a yàn, B1, a ó yọ 1, a ó wá wá apín àjọni tó tóbi jù láàrin àbájáde yẹn àti M. Ẹ wo 2^29 − 1: 233 ní k = 4, 2089 ní k = 36, tí í ṣe 2×2×3×3. Òpin kékeré á mú àwọn méjèèjì. 1103 ní k = 19, nítorí náà B1 gbọ́dọ̀ tó 19 kó tó jáde. Tí B1 bá ti wá tóbi jù fún nọ́ńbà kékeré, gbogbo apín á jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rí odindi nọ́ńbà náà padà, tí kò wúlò. Ẹ dín B1 kù nígbà yẹn.

M la gbogbo èyí kọjá, wọ́n wá gbé e lọ síbi ìdánwò gan-an.

gpu_alagbede:

Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni GPU A100 kan (GPU ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ní Dublin, ní Ireland, jábọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí M jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, GPU H100 kan ní San Antonio ní Texas fi ìdánwò Lucas-Lehmer fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdánwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. GpuOwl, ètò tí Mihai Preda bẹ̀rẹ̀, ló jẹ́ kí àwọn GPU lè ṣe iṣẹ́ yìí. Durant fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún GPU tó háyà ní orílẹ̀-èdè 17 ṣe é.

Ìdánwò àkọ́kọ́ dá lórí Fermat. Tí M bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, 3^(M−1) gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù lábẹ́ M. M + 1 ni 2^p, nítorí náà 3^(2^p) gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 9 kù. Ìyẹn ni pé ẹ mú 3, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ mú àṣẹ́kù, kí ẹ tún un ṣe ní ìgbà 136279841. Ẹ fi 127 = 2^7 − 1 wò ó, ìgbésẹ̀ méje:

3 → 9 → 81 → 84 → 71 → 88 → 124 → 9

9 ló jáde.

sade_nomba:

Kí ló dé tó fi jẹ́ 3? 2 ìbá rọrùn jù.

iya_eko_isiro:

2 kò lè sọ nǹkan kan fún wa. 2^p máa ń ṣẹ́ 1 kù lábẹ́ 2^p − 1, kò sì sí p tó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í pín M − 1, torí pé 2^p − 2 ni M − 1, Fermat sì sọ pé p ń pín in. Nítorí náà 2^(M−1) á ṣẹ́ 1 kù yálà M dára tàbí kò dára. Ẹ wo 2047: 2^2046 ṣẹ́ 1 kù lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ 23 × 89. Ṣùgbọ́n 3^2046 ṣẹ́ 1013 kù, àṣírí tú.

Síbẹ̀, 3 náà kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá. Òfin Fermat sọ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yege. Kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá yege ni nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ "ó ṣeé ṣe" sínú àbọ̀ Dublin. Ìdánwò tó jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn ni ti Lucas àti Lehmer. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ 2, ẹ mú àṣẹ́kù lábẹ́ M. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ p − 2, tó bá jẹ́ òdo, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Tí kò bá jẹ́ òdo, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí "ó ṣeé ṣe" níbẹ̀.

Fún 127, ìgbésẹ̀ 5: 4, 14, 67, 42, 111, 0.

Fún 2047, ìgbésẹ̀ 9: 4, 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736. Kì í ṣe òdo, nítorí náà ó ní apín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò náà kò sọ apín náà fún wa.

Ẹ kíyè sí bí mo ṣe mú àṣẹ́kù láìpín. 67 × 67 − 2 jẹ́ 4487. Tí a bá fi 128 kà á, ó jẹ́ 35 lọ́nà 128, ó ṣẹ́ 7. Ẹ ro 35 àti 7 pọ̀, 42 nìyẹn. Torí pé 128 fi 1 ju 127 lọ, 128 kọ̀ọ̀kan dà bí 1. 42 × 42 − 2 jẹ́ 1762, ìyẹn 13 àti 98, àpapọ̀ wọn 111. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, 12319, jẹ́ 96 àti 31. Àpapọ̀ wọn 127, tí í ṣe òdo. Lórí M, kọ̀ǹpútà kàn ń gé bíìtì 136279841 tó wà nísàlẹ̀ kúrò lára èyí tó wà lókè, ó sì ń ro wọ́n pọ̀ ni. Ìrísí M ló fún wa ní ìrọ̀rùn yìí. Lucas lo irú ọ̀nà yìí ní 1876 láti fi hàn pé 2^127 − 1 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, láìsí kọ̀ǹpútà.

sade_nomba:

Tí Lucas-Lehmer bá dájú tó báyìí, kí ni wọ́n ṣì ń fi ìdánwò 3 ṣe?

gpu_alagbede:

Nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ. Ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù 136 tẹ̀lé ara wọn. Tí bíìtì kan ṣoṣo bá yí padà ní ìgbésẹ̀ kejì, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀, torí pé àbájáde tó bàjẹ́ náà dà bí nọ́ńbà gidi. Mẹ́mórì tó gbóná jù, ẹ̀rọ tí wọ́n tì kọjá agbára rẹ̀, iná tí kò dúró, gbogbo wọn ló ń fa èyí. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹlòmíràn á tún odindi iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n á wá fi bíìtì 64 tó kẹ́yìn àbájáde méjèèjì wéra.

Ní 2017 Robert Gerbicz mú ọgbọ́n kan wá. Ẹ pe 3 tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní u0, àbájáde lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 1,000 ní u1, lẹ́yìn 2,000 ní u2, bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ètò náà ń sọ àwọn u wọ̀nyí di púpọ̀ lọ́nà ara wọn: d = u0·u1·u2…ut. Tí a bá mú d tí a sì fi í ṣe ìgbésẹ̀ 1,000, u0 á di u1, u1 á di u2, gbogbo wọn á sún síwájú. Ẹ wá fi u0 sọ àbájáde yẹn di púpọ̀: ó gbọ́dọ̀ bá d tó kàn mu, èyí tí a kọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Tí kò bá mu, àṣìṣe ti wọlé. Ètò náà á padà síbi tó fọwọ́ sí kẹ́yìn, á tún ibẹ̀ ṣe. Tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù kan, ìsọdipúpọ̀ 1,000 àti ìgbésẹ̀ 1,000 ni àfikún iṣẹ́ náà, ìyẹn 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lucas-Lehmer kò lè lo ọgbọ́n yìí, torí pé 2 tó ń yọ ní gbogbo ìgbésẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn u sún síwájú papọ̀ nínú ìsọdipúpọ̀. Nítorí náà ìdánwò 3 ni wọ́n ń fi wá, Lucas-Lehmer ni wọ́n fi ń jẹ́rìí sí èyí tó bá jáde. Láti 2020 pàápàá, ẹ̀rọ tó ṣe ìdánwò 3 máa ń fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, tó dá lórí iṣẹ́ Krzysztof Pietrzak, ẹ̀rọ mìíràn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láìlo tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà. Kò sí pé à ń tún odindi rẹ̀ ṣe mọ́.

laditeki:

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa bí wọ́n ṣe ń fi ara rẹ̀ sọ nọ́ńbà tó tóbi tó M di púpọ̀. Lọ́nà tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́, M jẹ́ ègé 2,129,373 tí ègé kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 64. Ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo á gba tírílíọ̀nù 4.5 ìsọdipúpọ̀ kéékèèké, a sì nílò rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 136. Kò lè ṣeé ṣe. FFT, ọgbọ́n kan tó ń mú ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà ńlá yá, ni wọ́n ń lò, pàápàá irú èyí tí Richard Crandall àti Barry Fagin gbé jáde ní 1994, tó ń mú àṣẹ́kù lábẹ́ 2^p − 1 fúnra rẹ̀ láìsí ìgbésẹ̀ àfikún.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé p jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, kò ṣe é pín sí ègé tó dọ́gba. Ká ní ẹ lo ègé 7,864,320. Ègé 2,586,401 á gbé bíìtì 18, àwọn tó kù á gbé 17. Ìwọ̀n tí Crandall àti Fagin fi kún ègé kọ̀ọ̀kan ló ń tún àìdọ́gba yẹn ṣe.

Àwọn nọ́ńbà inú FFT kì í ṣe odindi, ìdá ni wọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ó sún wọn sí odindi tó súnmọ́ wọn jù. Tí àbájáde bá jìnnà sí odindi tó 0.4, ewu ti dé, torí pé ní 0.5 a kò mọ èyí tó yẹ ká sún un sí. Ẹni tó bá yan ègé díẹ̀ jù kó lè yá á pàdé èyí. Ọ̀nà àbáyọ ni láti fi ègé kún un. Iṣẹ́ á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àbájáde á tọ̀nà.

onisiro_ibadan:

Ó ti wá yé mi dáadáa. Mo rí i níbì kan tí wọ́n kọ pé àwọn báńkì á fi M dáàbò bo owó wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

mofe_kod:

Rárá. RSA, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí díjíìtì wọn sì wà ní bíi 300. M kò pa mọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó sì wúwo jù. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: 2^521 − 1 wà nínú P-521 tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, 2^19937 − 1 ló wà lábẹ́ Mersenne Twister, ètò tó ń mú nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ jáde tí Matsumoto àti Nishimura ṣe, èyí tí Python ń lò nínú `random`.

iya_eko_isiro:

Ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ fò ni nọ́ńbà pípé, ìyẹn èyí tó dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ àwọn apín rẹ̀ tó kéré jù ú. 6 jẹ́ àpapọ̀ 1, 2 àti 3. 28 jẹ́ àpapọ̀ 1, 2, 4, 7 àti 14. Euclid ti fi hàn pé tí 2^p − 1 bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, 2^(p−1) × (2^p − 1) á jẹ́ nọ́ńbà pípé. Euler sì fi hàn pé kò sí nọ́ńbà pípé tó ṣe é fi 2 pín tí kò ní ìrísí yìí. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n rí M ni wọ́n rí nọ́ńbà pípé tuntun pẹ̀lú, 2^136279840 × M, díjíìtì 82,048,640.

sade_nomba:

Wọ́n ń pe M ní ìkejìléláàádọ́ta nínú àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó ní ìrísí 2^p − 1. Ṣé a dá a lójú pé kò sí òmíràn tó fara pamọ́ láàrin?

gpu_alagbede:

Ìkejìléláàádọ́ta tí a mọ̀ ni. Wọn kì í rí wọn ní títò. 2^43112609 − 1 jáde ní oṣù Ògún 2008. Èyí tó kéré jù ú, 2^37156667 − 1, jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e. 2^42643801 − 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2009. Wagstaff ní ìṣirò kan tó ń fojú díwọ̀n iye wọn: 1.781 lọ́nà log p ní ìpìlẹ̀ 2. Fún p tiwa, log náà jẹ́ 27.02, ó fún wa ní bíi 48. A ti rí 52, nítorí náà ìfojúdíwọ̀n náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí èyí tó kàn wà.

Ohun tí àwọn èèyàn ń lé báyìí ni díjíìtì ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, èyí tí EFF, àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi 150,000 dọ́là lé lórí. Agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 332192807. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ á tó ìlọ́po 2.4 ti M, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà á sì wúwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdánwò kan ṣoṣo á gba bíi ìlọ́po mẹ́fà àkókò M.

onisiro_ibadan:

Ìbéèrè kan ló kù. Mo ti gba fáìlì díjíìtì M sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà?

laditeki:

Ẹ kọ́kọ́ yọ àlàfo àti ìlà tuntun kúrò nínú fáìlì náà, àwọn ló ń jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ ju 41,024,320 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, 881694, àti ìparí, 1551. Ẹ ro gbogbo díjíìtì pọ̀, kí ẹ fi 9 pín: ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 4, torí pé p ṣẹ́ 5 kù lábẹ́ 6, 2^5 − 1 jẹ́ 31, 31 sì ṣẹ́ 4 kù. Èyí á mú díjíìtì kan tó yí padà, àfi tó bá jẹ́ pé 0 di 9 tàbí 9 di 0. Kò lè mú díjíìtì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó pààrọ̀ ipò. Fún ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ fi àkọ́kọ́ kún, ẹ yọ ìkejì, ẹ fi ìkẹta kún, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kí ẹ fi 11 pín àbájáde rẹ̀. 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù.